Bàsíà Omi Lórí Ọkùnrin Tó Ń Tún Ìrìn Kọ́

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti lò láyé kí ìyá mi tó kọ́ mi ní ìrìn lẹ́ẹ̀kejì. Ti àkọ́kọ́, n kò rántí rẹ̀. Wọ́n ní mo di ìdí àga mú, mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo ṣubú, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn tó rí mi rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ṣàdúrà fún mi, torí wọ́n rò pé orí mi ló dàrú. Orí mi kò dàrú. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ló fẹ́ kúrò lára mi, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìrìn tí mo ń rìn tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé kan tó kọjú sí ọ̀sà. Ìyá mi ń ta ẹja. Nílé wa, ìrìn kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣe fáàrí: o gbé ẹsẹ̀, o sọ ọ́ kalẹ̀, o dé ibi tí ò ń lọ. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo rí i pé àwọn èèyàn ńlá kì í rìn báyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó jẹ́ pé kó tó dé kíláàsì la ti máa ń gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: kó, kó, kó. Yóò na ẹsẹ̀ síwájú gbọọrọ, yóò fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ẹni ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé, yóò wá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ dànù sẹ́yìn. Ìwé kan ṣoṣo ni bàbá náà kọ láyé rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó kà á. Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn, gbogbo wa la kà á, a sì há a sórí.

Láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti mọ̀ ọ́n rìn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ ní kí ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu géètì wa kan irin pẹlẹbẹ mọ́ gìgísẹ̀ bàtà mi, kí ìró rẹ̀ lè dún dé ibi tí orúkọ mi kò tíì dé. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọlidé, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ mi bọ̀ láti ìkóríta.

"Ta lò ń bá jà?" ló fi kí mi.

"N kò bá ẹnikẹ́ni jà, màmá."

"Kí ló wá dé tí ò ń na ilẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín àánú sí i, irú ẹ̀rín tí àwọn tó ń kàwé máa ń rín sí àwọn tó ń rán wọn níwèé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkòròdú, tí mo ń gbé ní Agric, tí mo ń na ilẹ̀ káàkiri fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní ọsibítù pé mo ní àtọ̀gbẹ, mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé àìsàn àwọn tó ti rí nǹkan jẹ ni, kì í ṣe ti tálákà. Mo ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí n kò wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, bí sálúbàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, ojú mi ló máa ń sọ fún mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹsẹ̀ olùkọ́ kò gbọ́ràn?

Dókítà ní kí n máa rìn dáadáa, pé ó dára fún àtọ̀gbẹ. Mo bá wọ ẹgbẹ́. Ní Agric, àwọn ọkùnrin bíi tèmi, tí ikùn wọn ti ń ṣíwájú wọn, dá ẹgbẹ́ arìn-fún-ìlera sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ààrẹ, igbákejì ààrẹ, akọ̀wé, akápò àti alukoro. Gbogbo iṣẹ́ wa kò ju ká rìn láti Agric dé Garage láàárọ̀ Sátidé, ká sì rìn padà. A tún ní kóòṣì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó fi fèrè kọ́rùn, ó ní òun kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrìn ní òkè òkun, níbi tó jọ pé wọn kì í mọ̀ ọ́n rìn kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé.

"Ẹ na ẹsẹ̀!" ni yóò máa pariwo, àwọn ọlọ́kadà á máa wò wá. "Gìgísẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́! Ẹ fi àtàǹpàkò ta ilẹ̀! Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé ẹ kọjá!"

Ó wá rí mi. Ó fọn fèrè, ó dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró lẹ́bàá títì.

"Ẹ wo ọ̀gá lẹ́kíṣọ̀rà! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́! Ìrìn tí mò ń wí rèé o. Ọ̀gá, ta ló kọ́ yín?"

"Àdámọ́ ni," mo dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, iwájú ni mo máa ń wà. Mo ṣíwájú fún Sátidé mẹ́rin. Ní ẹ̀karùn-ún, ìṣó kékeré kan yọrí nínú bàtà onírin mi, gan-an níbi tí ìdí àtàǹpàkò ti ń ta ilẹ̀. N kò mọ̀. Mo fi ìṣó náà ṣáájú ẹgbẹ́ dé Garage, mo fi ṣáájú wọn padà. Mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìṣó fi ń wọ ẹran ara mi tó ń jáde, bí abẹ́rẹ́ ẹni tó ń rán aṣọ, mo sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé ara mi ti ń le.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni Iléyá bọ́ sí, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ìrun kíkí sílẹ̀ fún àwọn tí kò kàwé tó mi, ṣùgbọ́n ìyá mi ní àṣà kan tí kò sẹ́ni tó lè bá a dù. Láàárọ̀ Iléyá, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń da omi àlùwàlá sí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí irun ṣe lè funfun lórí ọmọ náà tó. Ó ní ẹsẹ̀ tó bá ti jìnnà sílé jù ni òun máa ń fọ̀ pẹ́ jù. Mo jókòó lórí àpótí, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ láìwo ibẹ̀, mò ń wo fóònù mi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù, ó da omi.

Omi tó ṣàn lọ sójú sìmẹ́ǹtì pọ́n.

"Ta ló gún ọ?" ó bi mí.

"Kò sẹ́ni tó gún mi, màmá."

Ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àgbò yẹ̀ wò lọ́jà. Ihò kan wà ní ìdí àtàǹpàkò mi tó lè gba ẹyọ ẹ̀pà kan. Ó sún imú mọ́ ọn. Ẹni tó ti ta ẹja fún ogójì ọdún mọ òórùn ohun tó ń bàjẹ́, kò nílò àyẹ̀wò. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù náà, tòun ti aṣọ Iléyá lára rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan, ó ń wò ó. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀ nílé ìyá mi. N kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń wá wẹ ojú ọgbẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìkòròdú, ọmọdébìnrin kan tí n kò rò pé ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọgbẹ́ pa ojú dé. Mo rò pé ó ti tán.

Dókítà náà fi yíńkì dúdú kùn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, ó ní kí n rìn kọjá lórí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń rìn. Mo rìn ín dáadáa. Mo tiẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀, torí obìnrin ló ń wò mí. Nígbà tó gbé ìwé náà sókè, gìgísẹ̀ mi dúdú, ìdí àtàǹpàkò mi dúdú kirikiri bí ọ̀dà, àárín ẹsẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá.

"Ẹ wò ó, sà," ó ní. "Orí ibi tó kéré yìí ni ẹ ń kó gbogbo ara yín lé. Awọ tó bo ojú ọgbẹ́ náà kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Bí ẹ bá ń rìn báyìí, yóò là. Bó bá là, n kò ní lè bá ọ̀bẹ jiyàn mọ́."

"Kí n má rìn mọ́ ni?"

"Ẹ máa rìn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wá ìrìn míràn. Kí ìṣísẹ̀ yín kúrú. Kí ẹsẹ̀ yín balẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹ má fi àtàǹpàkò ta á. Ẹ má sì rìn láìwọ bàtà láéláé, kódà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà." Ó fún mi ní bàtà rírọ̀ kan tó fẹ̀ bí ọkọ̀ àwọn apẹja. "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ padà wá tẹ ìwé fún mi."

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kí ẹ lọ wá ìrìn míràn, níbo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀? Èmi bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa orókún àti ìbàdí, mo wo fídíò, mo gbé fóònù ti ògiri nínú ọgbà, mo ń rìn síwá-sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Mo lè fi kọ́ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ ilẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá òun balẹ̀ pẹlẹbẹ tàbí òun gbá a. Bí mo bá ti rò ó dáadáa, mo ṣe é dáadáa fún ìṣísẹ̀ márùn-ún; bí ọkàn mi bá kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n ọjọ́sí á tún wọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi fi dígí kékeré wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi bó ṣe ń ṣe láràárọ̀. Ó wá gbé dígí náà fún mi. Ojú àpá náà ti pọ́n, ó tóbi tó kọ́bọ̀ kan.

Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Mo ronú kíláàsì mi tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Mo ronú bí èèyàn ṣe ń wẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Mo ronú bí ìyá mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, yóò ṣe máa dì mí mú lọ sí ilé ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀. Ọlọ́run tí mo ti fi sílẹ̀ fún àwọn tí kò kàwé, òun ni mo lọ ń bẹ̀ fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, n kò sì rántí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà.

Ìyá mi kan ilẹ̀kùn. "Jáde wá. Ta ló sọ fún ọ pé fóònù ní ẹsẹ̀?"

Bàsíà onírin rẹ̀ àtijọ́ ló gbé dání, pẹ̀lú òṣùká. Ẹja àrọ̀ ààyè ni ìyá mi fi bàsíà yìí rù láti etí ọ̀sà dé ọjà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, nínú omi, lórí. Iṣẹ́ náà kò gba fáàrí. Bí omi bá ń mì, ẹja á máa jà. Bó bá ń jà, á fò jáde tàbí kó kú kó tó dọ́jà. Ẹja àrọ̀ tó bá kú, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń tà á. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin etí ọ̀sà fi máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà láti iwájú: ara wọn ń lọ, orí wọn kò mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo wà léwe, mo rò pé ìrìn òtòṣì ni.

Ó da omi sínú bàsíà dé ìdajì. "Gbé e."

"Màmá, ẹsẹ̀ ló ń ṣe mí, kì í ṣe orí."

"Ẹsẹ̀ rẹ kò dùn ọ́. Bó bá ń dùn ọ́ ni, a ò ní wà níbí. Ẹsẹ̀ rẹ ti kú, kò gbọ́ ilẹ̀ mọ́. Ọrùn rẹ ṣì ń gbọ́. Gbé bàsíà."

Mo gbé e. Mo gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Omi ya sí mi lójú, sí mi láyà, ó wọ inú bàtà ọsibítù. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìka ka iye ẹja tí ìbá ti kú.

"O ti pa ẹja mẹ́fà. Padà sẹ́yìn."

Mo padà. Mo pa mẹ́rin. Mo padà, mo pa márùn-ún, torí mo bínú. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan ní àdúgbò wa yọjú láti ojú ọ̀nà, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Àlájà, kí ni búrọ̀dá ń ṣe yìí?"

"Wọ́n ń kọ́ ìrìn."

"Háà! Ṣé yunifásítì ò kọ́ wọn ni?"

"Ó kọ́ wọn. Èyí tó kọ́ wọn ló fẹ́ pa wọ́n."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ gbá itan, ó wá rí bàtà ọsibítù, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. "Búrọ̀dá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí orókún yín rọ̀ díẹ̀. Ẹ má dúró bí òpó iná." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí fóònù, kò sí èyí tó wúlò tó gbólóhùn yẹn.

Ìyá mi fẹ́ kí n bọ́ bàtà, ó ní kò sẹ́ni tó ń fi bàtà kọ́ ìrìn. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó rò ó. Ó wo ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ gbígbòòrò tó ti tẹ ẹrẹ̀ ọ̀sà fún ogójì ọdún láìsí ọgbẹ́. "Wọ̀ ọ́," ó ní. "Ọmọ náà gbọ́n jù ọ́ lọ."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Bí gìgísẹ̀ mi bá gbá ilẹ̀, omi á ta sí eteetí bàsíà, pàà, lẹ́bàá etí mi. Bí mo bá fi àtàǹpàkò ta ilẹ̀, omi á rọ́ lọ sẹ́yìn, ó sì fẹ́ fa ọrùn mi tẹ̀lé e. Ibì kan ṣoṣo ni omi ti ń dákẹ́: kí ẹsẹ̀ sọ̀ sábẹ́ ara gan-an, kó má ṣíwájú rẹ̀, kó balẹ̀ lódindi bí ìgbà tí wọ́n bá gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀ níwájú àgbà, kó jẹ́ pé orókún ni yóò gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, kì í ṣe pé ìka yóò tì í. Ìṣísẹ̀ kúrú. Ìbàdí kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò rẹ̀ mí. Ìrìn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí n tó dé Garage, mo ti máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Pẹ̀lú èyí, mo lọ dé etí ọ̀sà mo bọ̀, èémí mi wà níbi tí mo fi sí. Ó wá hàn sí mi pé ogún ọdún ni mo fi ń gbá ilẹ̀ lábàrá, tí ilẹ̀ náà sì ń gbá mi padà, tí n kò mọ ẹni tó ń jẹ ìyà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo tún tẹ ìwé. Ẹsẹ̀ mi hàn lódindi lórí rẹ̀, ó rí rẹ́súrẹ́sú bí òjò tó ṣú tí kò rọ̀, kò sí ibì kan tó dúdú ju ibòmíràn lọ. Dókítà náà yí ìwé náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ta ló kọ́ yín, sà?"

N kò sọ pé àdámọ́ ni. "Ìyá mi ni. Ẹja ni wọ́n ń tà."

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ló ni ín, ìbá parí síbẹ̀.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkòròdú. Mò ń wọ bàtà bí ọkọ̀ apẹja, mò ń rìn jẹ́jẹ́, mò ń wo ẹsẹ̀ mi nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú dígí bí mo bá ń ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ kan, mo kọjá lára ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, mo gbọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń wí pé, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń rìn bí ìyá ẹlẹ́ja." Ẹ̀rín sọ. Mo lẹ́nu tó lè gé èèyàn sí wẹ́wẹ́. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ̀ mí sí i. Ó yẹ kí n dúró kí n dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí ipò olórí ẹ̀ka wa ṣófo. Àwọn àgbàlagbà tí yóò bi wá léèrè máa ń dúró lókè báńkónì, tí wọ́n á máa wo ẹni tó ń bọ̀ láti géètì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé bàtà ọsibítù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo yọ bàtà onírin jáde. Mo ti fi òkúta lu ìṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́. Mo ti fọwọ́ pa inú rẹ̀, ó dán. Mo sọ fún ara mi pé láti géètì dé ẹnu àtẹ̀gùn nìkan ni. Kó, kó, kó. Àwọn àgbàlagbà náà gbọ́ mi, wọ́n yíjú, wọ́n mi orí. Inú mi dùn débi tí n kò lè sọ. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú àwọn yí gbogbo ẹ̀ka náà ká, kí n ṣàlàyé ohun tí n ó ṣe. A yí i ká títí di ọ̀sán. Mo ṣíwájú. N kò mọ nǹkan kan lára.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún kò bọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo pe ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ohun tí mo rí sọ ni, "Màmá." Ó wá ní,

"Ṣé omi dà?"

"Ó dà, màmá."

"Bàtà wo lo wọ̀?"

Mo wo bàtà onírin náà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Má fi ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ mọ́," ó ní. "Mò ń bọ̀."

Dókítà náà kò bá mi wí. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo àwòrán egungun, ó ní kòkòrò ti dé inú egungun àtàǹpàkò. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, mo fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, mo pè é ní màmá mi. Ó mú ọwọ́ mi dání.

"Àtàǹpàkò yóò lọ, sà. Mo fẹ́ gbìyànjú kó jẹ́ òun nìkan ni yóò lọ. N kò lè ṣèlérí."

Ìyá mi ló jókòó tì mí títí wọ́n fi wá gbé mi. Bàtà onírin náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti fi ọ̀bẹ yọ irin gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ní ó máa dára fún híha ìpẹ́ ẹja. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń ṣàwàdà.

Nígbà tí mo jí, mo ń bẹ̀rù àtiwo ìsàlẹ̀ aṣọ ìbora. Ìyá mi ló wò ó. "Mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀," ó ní, "àti gìgísẹ̀." Ní ti ipò olórí ẹ̀ka, ọwọ́ ẹnì kan tí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé dé ẹnu àtẹ̀gùn ló bọ́ sí, tí kò rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lójú wọn.

Ó ti di oṣù mélòó kan báyìí. Dókítà sọ òótọ́ fún mi: ẹsẹ̀ tí kò ní àtàǹpàkò ṣòro láti fi rìn ju èyí tó ní in lọ, ara á máa wá ibòmíràn kó wúwo lé, àwọn ìka mẹ́rin tó kù kò sì ní iṣẹ́ yẹn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọgbẹ́ míràn bá tún là, kò ní sí ohun tí òun tún lè yọ kúrò díẹ̀díẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá jí, kí n tó ronú ohunkóhun, dígí ni mo ń wá.

Mo wà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi kò lè gbé bàsíà rù mí mọ́, apá rẹ̀ ti ń dùn ún, nítorí náà mo máa ń gbé e sórí fúnra mi láti orí tábìlì. Kì í jókòó sórí àpótí mọ́ báyìí. Ó máa ń rìn níwájú mi lọ sí etí ọ̀sà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní kí n máa wo ẹsẹ̀ òun kí n sì máa gbọ́ omi. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ wá. Wọ́n á kí i, wọ́n á wò mí, wọ́n á yẹ̀ fún bàsíà náà lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń yẹ̀ fún ẹni tó ru ẹja ààyè.

Lánàá, a lọ, a sì bọ̀. Ara mi tẹ̀ sí òsì díẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti gun òkè, mo mú un padà. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé, ẹ̀kán mẹ́ta péré ló kán sí mi létí ọ̀tún. Mo ń retí kó yìn mí.

Ìyá mi yíjú, ó fọwọ́ nu etí mi, ó wo omi tó wà lórí ìka rẹ̀.

"Ẹja kan ti kú," ó ní. "Padà sẹ́yìn."

Mo yí padà.